Ìrìn-àjò Wa sí Igbó Lẹ́kí àti Ohun Tí A Rí Kọ́ Níbẹ̀

  Wọ́n ní kí àwa ọmọ kíláàsì Thánáwì tí a ń jáde lọ́dún yìí kọ nǹkan sínú ìwé ọdọọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa. A jókòó, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ inú igbó ni a óò sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó kan gbogbo yín, a kò sì lè sọ ọ́ kí ó yé yín bí a kò bá kọ́kọ́ sọ ti igbó náà.

Ní ayé òde òní, igbó ti di ọjà olówó iyebíye. Àwọn ọlọ́rọ̀ a máa wọ bàálù láti ilẹ̀ òtútù wá sí ilẹ̀ olóoru, kì í ṣe láti wá ra góòlù tàbí epo, bí kò ṣe láti sùn nínú ilé onípákó lábẹ́ igi, kí ohùn ẹyẹ jí wọn, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n sì rí ẹranko ní ibùgbé rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gòrílà ni wọ́n ń lọ wò lórí òkè. Ní ọdún 2017, ìjọba ibẹ̀ gbé owó ìwé àṣẹ rẹ̀ láti dọ́là 750 lọ sí dọ́là 1,500 fún ẹnì kan ṣoṣo. Wákàtí kan péré sì ni ẹni náà yóò fi wà lọ́dọ̀ àwọn ẹranko náà kí wọ́n tó ní kí ó máa bọ̀. Owó bàálù kò sí nínú rẹ̀ o, owó hòtẹ́ẹ̀lì kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń san án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkèèrè nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Gòrílà wà ní Nàìjíríà wa níbí, ní àwọn òkè Ìpínlẹ̀ Cross River lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n iye wọn ní ìhà méjèèjì ààlà náà kò tó 300. Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni Obudu wà, níbi tí àwọn ará Scotland ti dá oko màlúù sílẹ̀ ní ọdún 1951, lórí òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,600. Òtútù orí òkè náà ni ó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá. Yankari náà wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Wọ́n ya igbó náà sọ́tọ̀ ní ọdún 1956, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní ọdún 1962. Erin wà níbẹ̀, omi Wikki tí ń ti abẹ́ àpáta jáde níbẹ̀ sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, ẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, a ní Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. A ní Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta sí orí àpáta.

Àwa ọmọ Mùṣín, Sùúrùlérè àti Yábàá ń ka orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé ni. Ojú wa kò tó wọn. Ẹ wo orúkọ tí àwọn bàbá ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Èkó níbí: Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Mángòrò. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ pé igi kan wà níbẹ̀ rí tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí ìdí rẹ̀. Mẹ́ta nínú wa tí ilé wọn wà ní Ìdí-Àràbà sọ pé àwọn ti wá igi àràbà náà tí tí tí. Ohun tí wọ́n rí ni ọ̀nà, ilé ìwòsàn ńlá, ṣọ́ọ̀bù olóògùn àti ọkọ̀ dáńfó. Orúkọ kù, ṣùgbọ́n wọn kò rí igi.

Nígbà tí Mùdíírù wa mú àbá wá síwájú ìpàdé àwọn òbí pé kí a kó àwa ọmọ tí ń jáde lọ sí ọgbà igbó tí ó wà ní Lẹ́kí fún ọjọ́ kan, ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Àwọn kan ní owó wòlímọ̀ ń bọ̀ lọ́nà, aṣọ ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá kan tí ó jẹ́ kápẹ́ńtà wá dìde, ó ní: "Ẹ̀yin Àáfáà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú oko ni wọ́n bí mi sí. Èmi sá fún igbó wá sí Èkó ni. Ṣé owó ni kí n tún wá san kí ọmọ mi lè lọ wo ohun tí mo sá fún?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ń ta èso ní ọjà Ojúwòyè dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní: "Bàbá wa, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí igbó kí ẹ tó sá fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí i rí. Níjọ́sí ni ọmọ mi bi mí bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pẹ òyìnbó ti ń ta bí iṣu, àbí orí igi ni ó ti ń so. Èmi tí mò ń ta á lójoojúmọ́ ni ó bi o!"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó tú ìpàdé náà ká lọ́nà ire. Wọ́n fẹnu kò pé aṣọ kan ṣoṣo ni a óò rán fún wòlímọ̀ dípò méjì, àti pé àwa náà yóò máa dá àjọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni a fi dá a. Nígbà tí a ṣí àpótí, owó ọkọ̀, owó ìwọlé àti owó oúnjẹ pé. Kò sí òbí tí ó lọ yá owó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbafẹ́ inú igbó kì í ṣe fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Kì í ṣe orí òkè Rùwáńdà nìkan ni ènìyàn ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, pẹ̀lú olùkọ́ mẹ́ta àti ìyá méjì. A gba Yábàá já sí orí Afárá Third Mainland, afárá tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 12. Bí a ti ń lọ lórí ọ̀sà, olùkọ́ wa nawọ́ sí ìhà Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí àwọn alápákó ti la igi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó ní orí omi ni wọ́n máa ń wọ́ àwọn gẹdú náà gbà láti ọ̀nà jíjìn wá. Ọmọ kápẹ́ńtà tí a sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní: "Ó jọ pé igbó náà máa ń wá sí Èkó, kìkì pé òkú rẹ̀ ni ó ń wá." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Pákó, àga, ilẹ̀kùn àti wàláà tí a fi ń kọ́ kéwú, òun ni igbó tí àwa mọ̀.

Ọgbà tí a ń lọ wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀, nítorí ó yẹ kí ọmọ mùsùlùmí mọ̀ ọ́n. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, mùsùlùmí, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní ọdún 1911, ni ó ṣíwájú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1980, láti máa dáàbò bo igbó àti ẹranko ilẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ yìí ni ó dá ọgbà Lẹ́kí sílẹ̀ ní ọdún 1990. Baba náà jáde láyé ní ọdún 2002. Ọgbà náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, èyí tí ó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, àbàtà àti igbó ṣì pọ̀ ní agbègbè náà. Lónìí, ilé àwọn ọlọ́lá ti yí i ká, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wà lára èyí tí ó wọ́n jù ní gbogbo Èkó.

Bí a ti wọlé, ọ̀kín ni ó kọ́kọ́ pàdé wa, tí ó ń wọ́ ìrù rẹ̀ tùẹ̀tùẹ̀ nílẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ẹni tí ó mú wa káàkiri kìlọ̀ fún wa pé kí a má ju ìdọ̀tí sílẹ̀, kí a má pariwo, kí a má sì fún ọ̀bọ ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni a bọ́ sórí ọ̀nà onípákó tí wọ́n tẹ́ gba orí àbàtà kọjá. Omi dúdú wà lábẹ́ wa, ewé bo orí wa, oòrùn ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí kì í ṣe ohun tí a rí, bí kò ṣe ohun tí a kò gbọ́. A kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀. A kò gbọ́ fèrè mọ́tò. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ tí ń gbé ní ilé oníyàrá méjìlá ní Mùṣín, ní òun kò mọ̀ pé etí lè sinmi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà ṣàlàyé pé àbàtà yìí ń ṣiṣẹ́ bí kànhìnkànhìn. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tí ó rọ̀ àti gbòǹgbò igi yóò fa omi mu, yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá da yanrìn sí àbàtà, tí a sì fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi kò ní ibùsùn mọ́, yóò wá wá ilé wa wá. Àwọn olùkọ́ wa rántí ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá sọ ọ̀pọ̀ títì Èkó di odò. Ní Ìtirẹ́ àti Ìjẹ̀ṣà ní Sùúrùlérè, àwọn tí ilé wọn wà létí kànáà mọ ohun tí a ń wí.

Lẹ́yìn èyí ni a gun afárá orí igi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó so mọ́ àwọn òpó gíga, ní ibi tí ó ga jù ó lé ní mítà 20 sí ilẹ̀. A gbọ́ pé òun ni wọ́n ń pè ní èyí tí ó gùn jù ní Áfíríkà. Bí ènìyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì nìyẹn. Àwọn ọmọ obìnrin mú etí híjáàbù wọn dání, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti ń ṣe fáàrí láti àárọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ùsítáàsì wa tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ di okùn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ń ṣe àdúà láìdúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé àárín, ìbẹ̀rù lọ. A rí orí igi láti òkè, bí ẹyẹ ti ń rí i. A rí ọ̀bọ tí ó gbé ọmọ sáyà tí ó fò láti ẹ̀ka kan sí èkejì láìwo ẹ̀yìn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a kí ìrun Àìlà lábẹ́ igi. A ṣí kúlà oúnjẹ wa, kí a sì tó pín ìrẹsì kálẹ̀, ọ̀bọ kan ti já àkàrà gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ó sì gun òkè lọ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ìyá náà ní: "Ó dára, sàráà ni." Ẹ̀rín pa wá.

Bí a ti ń padà bọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí, a bi ara wa pé: kí ni ó wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí a rí? Ẹnì kan ní afárá náà ni. Ẹnì kan ní ọ̀kín ni. Olùkọ́ wa ní: "Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì." Ilé ni, ògiri ni, ilé ìtajà ni. Ibẹ̀ ni ó yé wa. Ohun tí ó wọ́n jù níbẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọn kò tà. Afárá, ẹni tí ó bá ní owó lè ṣe é ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ní ilẹ̀ tí owó ńlá lè jáde nínú rẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún igi, omi àti ọmọ ẹlòmíràn, èyí ni ọlá tí ó ju ọlá lọ. Ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ń fi dọ́là wá kiri nìyẹn: ibi tí ẹnì kan ti sọ pé, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa kàn yín o, ẹ̀yin òbí wa.

Ẹ mọ igi fúrúùtù tí ó wà láàárín ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí èyí tí ó dàgbà jù nínú wa. Bí oòrùn bá mú kíláàsì onípáànù wa gbóná, abẹ́ rẹ̀ ni a ń tẹ́ ẹní sí láti ka kéwú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mọ́sálásí bá kún, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń tẹ́ bùúbù sí. Ewé rẹ̀ a pọ́n bí aṣọ àlàárì kí ó tó rẹ̀ dànù, àwọn ọmọ kékeré a máa fi òkúta fọ́ kóró èso rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti gbèrò láti gé e, kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù márùn-ún síbẹ̀, kí owó ilé tí yóò máa wọlé lè ran owó oṣù àwọn olùkọ́ lọ́wọ́.

A mọ̀ pé ìdí gidi ni. Àwọn olùkọ́ wa ń ṣiṣẹ́, owó kò sì tó. A kò lè jókòó sábẹ́ ìbòòji kí ẹni tí ń kọ́ wa wá máa sùn lébi. Nítorí èyí, a kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ má kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a ṣe ni pé a yá tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ bàbá kápẹ́ńtà, a wọn ọgbà náà láti ìkángun dé ìkángun. Ní ìhà géètì, níbi tí ògiri àtijọ́ ti wó, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta gba ibẹ̀ dáadáa láìfọwọ́ kan igi náà. Ojú títì ni ibẹ̀ kọ sí, èyí tí ó sàn fún ọlọ́jà ju àárín ọgbà lọ. Bàbá náà wá wò ó fúnra rẹ̀, ó ní bí àwọn àgbà bá gbà, òun yóò ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wo igi náà títí, ó ní: "Mo lè fi ìdajì ọjọ́ gé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n dá a padà, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Títí di àkókò tí a fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ìgbìmọ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Ìpàdé gbogbo òbí tí ń bọ̀ ni wọn yóò ti dìbò sí i. Àwa kò ní sí níbẹ̀, nítorí a ti jáde. Ẹ̀yin ni ẹ óò wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni. Fúrúùtù wa kì í ṣe igbó Lẹ́kí, kò ní ọ̀kín, kò ní afárá, àlejò kankan kò sì ní wọ bàálù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni igi tí ó kù láti ìkángun àdúgbò wa dé mọ́sálásí. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ ro ara yín wò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti igi kan, àbí ṣọ́ọ̀bù márùn-ún láìsí igi? Ìyàtọ̀ owó rẹ̀ wà, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí ń jáde ti pinnu pé lọ́dọọdún, àjọ tí a dá fún ìrìn-àjò náà kò ní tú ká. A óò máa dá a lọ, a óò sì máa mú un wá fún ìgbìmọ̀ láti fi dí díẹ̀ nínú àlàfo náà.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ tiyín ní kíákíá, kí ẹ̀yin náà lè lọ sí Lẹ́kí. Bí ẹ bá dé orí afárá, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ má sì gbé àkàrà dání.

Ọlọ́run yóò bá wa tún ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe, yóò fún àwọn olùkọ́ wa ní èrè, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀yin òbí wa pẹ́ fún wa. Àmín.